Ẹ̀rọ Ata Tó Ń Kú Bí Ènìyàn Bá Parọ́

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 1995

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú eruku, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ikọ́ tó ń yọ yín lẹ́nu nígbà Kérésìmesì ti lọ? Ṣé ẹ̀rọ ata ń ṣiṣẹ́, àbí mẹkáníìkì ṣì tú u palẹ̀? Ẹ bá mi kí Bàbá Ògúndèjì tí ilé wọn fara ti tiwa, àti Ìyá Comfort, àti gbogbo ará Òkèrèwè. Káàdì tí mo fi ránṣẹ́ ní oṣù kejìlá, ẹ kò sọ pé ẹ rí i. Mo fẹ́ gbà pé ó sọnù lọ́nà, nítorí bí ẹ bá rí i tí ẹ kò dáhùn, a óò jà.

Àlàáfíà ni mo wà. Òtútù ibí kò tíì tán. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ní ọsibítù wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá òyìnbó kan kọ̀ jálẹ̀, kò jẹun. Mo bá lu itan mi, mo fi ẹnu ṣe ẹ̀rọ ata fún un: pùkù-pa, pùkù-pa. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó la ẹnu sílẹ̀, mo sì ti síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ọ̀gá mi ní kí n wá kọ́ àwọn náà.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Bàbá, mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ọláolúwa ni orúkọ rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí i sí, olùkọ́ ìṣirò sì ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ yóò wá mọ̀ yín nílé kí oṣù karùn-ún tó parí. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ni a mú fún ìgbéyàwó níbí. Ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, ẹ wá. Ẹ lọ wá físà, n ó fi ìwé ìpè ránṣẹ́.

Èkejì ni eré wa. Mo fẹ́ kí Ẹ̀rọ Ata wà níbi àsè náà. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Ọláolúwa: obìnrin mẹ́rin wá lọ ata, èmi ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yin ni ẹ̀rọ. Ẹ ó máa lu itan, ẹ ó máa lu àyà, ẹ ó máa fi ẹnu pariwo, èmi ó sì máa sọ̀rọ̀ lé ìlù náà. Bí obìnrin kan bá parọ́, ẹ̀rọ á kú. Ẹ ó wò ó láìsọ̀rọ̀ títí tí yóò fi jẹ́wọ́, ẹ̀rọ á sì tún jí. Ọláolúwa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní físà, èmi àti ẹ̀yin la máa ṣe é. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ apá ti ẹ̀rọ sórí ìwé fún un, kí ó lè tètè máa kọ́ ọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Fisáyọ̀mi


Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀
Ogúnjọ́, oṣù kẹta, 1995

Fisáyọ̀mi, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo rí káàdì náà pẹ̀lú. Yìnyín ni wọ́n yà sára rẹ̀, bí mo ṣe wò ó ni òtútù mú mi, mo bá gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Nítorí náà, jẹ́ kí á má jà. Ikọ́ ti lọ. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì tuntun ló wà lára rẹ̀. Ògúndèjì kí ọ, ó ní kí o ra fìlà òtútù fún òun. Mi ò mọ òtútù tí òun rí ní Òkèrèwè.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ká ní ìyá rẹ wà ni, ariwo ayọ̀ rẹ̀ ìbá ti dé Òkè-Ogbó. Kí àwọn ẹbí ọkọ máa bọ̀, ilé wa kò jìnnà sí ojú títì. Èmi náà yóò lọ sí Èkó nítorí físà. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀, mo sì dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.

Ṣùgbọ́n ibi tí o ti sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. O ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé. Ṣé o ti gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Ikú ìyá rẹ kò tíì pé oṣù mẹ́fà. O kì í sọ̀rọ̀. Bí o bá ti dé láti iléèwé, wàá jókòó sórí àpótí nídìí ẹ̀rọ, wàá máa wo àwọn oníbàárà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ kú. Obìnrin bíi méjìlá ló tò sílẹ̀ pẹ̀lú tòmátò tí wọ́n rà ní Sábó, wọ́n ti ń gbé abọ́ wọn láti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo bá jókòó, mo ń lu itan, mo ń fi ẹnu ṣe ẹ̀rọ, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dúró de mẹkáníìkì.

Àfi bí o ṣe dìde lórí àpótí. O gbé abọ́ kan lé orí, o fi ohùn ìyá kan tó wà lórí ìlà níbẹ̀ sọ pé, "Bàbá ẹlẹ́rọ, ata mi ò ju bíńtín lọ, ẹ jẹ́ n ṣáájú." Bókẹ́ẹ̀tì ìyá náà kún dé ẹnu. Ọwọ́ mi dúró fúnra rẹ̀. Mo wò ọ́, o wò mí. O ní, "Ó dáa, ó pọ̀ díẹ̀." Àwọn obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jùlọ tí o sọ láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè wá síbi ìkómọ àti ìṣílé.

Mi ò kọ ọ́ sórí ìwé nígbà náà, mi ò sì lè kọ ọ́ báyìí. Bí mo bá rí físà, èmi á wá ṣe é. Bí mi ò bá rí i, ẹ fi orin jó.

Bàbá rẹ,
Oyèbánjí Àtàndá


Leeds
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin, 1995

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Mo dúpẹ́ pé ikọ́ ti lọ.

Mo ka ìwé yín sókè fún Ọláolúwa. Gbogbo bí mo ṣe ń kà á, mò ń retí ibi tí orúkọ rẹ̀ yóò ti jáde. Kò jáde. Ẹ dárúkọ Bàbá Ògúndèjì, ẹ sọ̀rọ̀ fìlà rẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀rọ, ẹ tilẹ̀ rántí bókẹ́ẹ̀tì ìyá kan láti nǹkan bí ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Ọkùnrin tí ọmọ yín fẹ́ fẹ́, ẹ kò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ka "ẹ fi orin jó" tán, ó bi mí pé, "Ṣé bàbá ò fẹ́ mi ni?"

Bàbá, bí ó bá jẹ́ pé torí pé ibí ni wọ́n bí i sí ni, ẹ wí. Bí ó bá jẹ́ pé torí Yorùbá rẹ̀ kò já geere ni, ẹ wí. Ó ń sapá. Láti oṣù kejì ló ti ń wá sọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti kọ́ ẹ̀rọ yìí. Yóò jókòó ní kíṣìnnì mi, yóò máa lu tábìlì, yóò máa kà á lábẹ́lẹ̀: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ mi a máa fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀ pé ariwo pọ̀. Kí n má purọ́, igi ìgbálẹ̀ yẹn bọ́ sí ìlù ju ọwọ́ Ọláolúwa lọ. Síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé eré yìí ni èmi àti bàbá mi.

Mi ò mọ ohun tí mo ṣe tó le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré lásán ni èyí, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí n fẹ́ ẹ, ẹ sọ ọ́ lójú mi, kí ẹ má fi ẹ̀rọ ata bò ó mọ́lẹ̀.

Fisáyọ̀mi


Leeds
Ọgbọ̀njọ́, oṣù karùn-ún, 1995

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀, mi ò tíì dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí mo ṣe kọ̀wé tó kọjá. Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ náà, mo sì ti ju ìwé náà sínú àpótí lẹ́tà kí n tó ronú. Mo fẹ́ gbà á padà, kò ṣe é gbà.

Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ lọ sí Èkó? Ṣé ikọ́ náà ni? Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ̀wé sí mi, ẹ ní kí Ìyá Comfort kọ ọ̀rọ̀ méjì péré. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. A óò fi orin jó bí ẹ ṣe wí. Kí n ṣá ti mọ̀ pé ẹ wà.

Àníkẹ́ yín


Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, 1995

Àníkẹ́ mi,

Dìde. Mo ní kí o dìde. Ara mi le, mi ò bínú, ikọ́ kò padà. Ìwé rẹ méjèèjì wà níwájú mi báyìí.

Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù tó kọjá ni mo lọ sí Èkó. Mo ti wà lórí ìlà kí ojúmọ́ tó mọ́. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó wà lójú fèrèsé bi mí pé, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, kí ni yóò mú mi padà wálé. Mo ní ẹ̀rọ ata mi ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́, ìyẹn náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní rárá. Àníkẹ́, láti ìgbà tí mo ti ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn nìkan ló dùn mí. Mo padà sílé, mo gbé bírò lẹ́ẹ̀mẹrin láti sọ fún ọ pé mi ò ní sí níbẹ̀, mi ò lè kọ ọ́. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gun ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti Ọláolúwa. Ó yá, mo ti dárúkọ rẹ̀. Ọláolúwa, Ọláolúwa, Ọláolúwa. Kó mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé ìparí oṣù. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí orí rẹ̀ ti funfun dọ̀bálẹ̀ fún mi ní pálọ̀ wa títí mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, kí ẹ̀yìn má baà dùn ún. Mo fẹ́ràn wọn. Mo ti fi ọ́ fún wọn. Mi ò ní nǹkan kan sí ọmọ náà.

Owú ni mo jẹ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọbìnrin ni ọ́, ilé ọkọ ni wàá lọ, mo ti mọ ìyẹn látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ. Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ yẹn, èmi nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Nígbà tí o kọ́kọ́ kọ̀wé, o ti ń rò ó pé mo lè má rí físà, o sì ti wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga mi. Ó bí mi nínú. Ìgbà tí wọ́n wá ṣe mí báyẹn ní Èkó, ó tún di ìbànújẹ́. Àgbà ni mí, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kí o tó sunkún.

Ìwé rẹ kejì ló yí mi lọ́kàn padà. Mo yá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì Ìyá Comfort láti gba ìlù ẹ̀rọ sílẹ̀ fún yín, mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe é kẹ́yìn. Ògúndèjì wá dúró sẹ́yìn fèrèsé láìjẹ́ kí n mọ̀. Ohun tó rí tó sì gbọ́ ni pé èmi nìkan wà nínú ilé, mò ń pariwo pùkù-pa, pùkù-pa, mo dákẹ́ lójijì, mò ń wo ògiri bí ẹni tó ń dúró de èsì, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó lọ pe pásítọ̀ wá. Wọ́n da òróró sí mi lórí kí n tó rí àyè ṣàlàyé. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, pásítọ̀ ní òun á ṣe obìnrin kìíní, kí n máa lu ìlù fún òun. Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá, àmọ́ ó gbádùn ara rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ Comfort, ọmọ Ìyá Comfort, tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù; ibẹ̀ ni yóò ti fi í ránṣẹ́ sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ̀rọ nìkan ló wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn rẹ ni mò ń rántí, tí mò ń lu ìlù sí i. Àná ni mo ṣe é tán, mi ò ráyè gbọ́ ọ padà, torí Comfort ń lọ sí Èkó láàárọ̀ yìí. Tẹ̀ ẹ́, kí o máa sọ ọ̀rọ̀ tìrẹ lé e, kí Ọláolúwa máa lù ú tẹ̀lé e.

Sọ fún un kó má kà á mọ́. Kí ó máa wo èjìká rẹ òsì. Láti kékeré ni èjìká yẹn ti máa ń gòkè díẹ̀ bí irọ́ bá fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ. Ibẹ̀ ni mo fi ń mọ ìgbà tí ẹ̀rọ máa kú.

Bàbá rẹ,
Oyèbánjí Àtàndá


Leeds
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, 1995

Bàbá wa,

Mo dọ̀bálẹ̀. Èmi ni Ọláolúwa. Fisáyọ̀ ní kí n kọ lẹ́tà yìí fúnra mi, òun ò ní bá mi tún un ṣe. Ẹ má bínú sí Yorùbá mi.

Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí. Ẹ ṣé fún kásẹ́ẹ̀tì. Mò ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mò ń gbọ́ ọ bí mo bá ń fọ abọ́. Mo ti ń wo èjìká. Ó ti ràn mí lọ́wọ́ níbòmíràn. Lánàá, Fisáyọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní òun ti jẹun. Èjìká gòkè. Mo lọ se ìrẹsì.

Mo mọ̀ pé àga yín ni. Èmi á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọmọ yín,
Ọláolúwa

Bàbá mi, mo ti kà á, mi ò tún un ṣe. Ẹ wò ó bó ṣe mọ òfófó ṣe! Mo sunkún lórí ìwé yín, mo sì rẹ́rìn-ín nítorí pásítọ̀. Ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé àga ni mò ń tọrọ. — Àníkẹ́


Leeds
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, 1995

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ o. Ọmọ yín ti di ìyàwó. Fọ́tò ń bọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ọláolúwa ló mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ipò yín. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó sì ń fà mí sáré, mo rántí pé ẹ̀yin ì bá rìn jẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ fún yín. Gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti jẹun. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ìlú yìí wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì òyìnbó ẹgbẹ́ mi náà wà níbẹ̀. Ọláolúwa bọ́ agbádá sílẹ̀, ó jókòó. Bó ṣe gbá itan lẹ́ẹ̀kìíní, ìlù náà bọ́ sójú ọ̀nà. Mo ṣe ìyá oníbókẹ́ẹ̀tì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣe ìyá ìjọ tó ní òun kì í ṣòfófó, ẹ̀rọ kú, àwọn ìyá ìjọ gan-an ló kọ́kọ́ pariwo. Mo ṣe ìyàwó ọ̀gá yunifásítì tó ní òun ò kánjú. Àwọn òyìnbó kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti kú, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan ìyàwó tuntun. Mo gbé abọ́ mi, mo ní, "Bàbá ẹlẹ́rọ, láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ, ọkàn mi ò fà sílé rí." Ẹ̀rọ kú.

Bí ẹ ṣe ṣe é nínú kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Nígbà tiwa ní Ifẹ̀, ẹ̀rọ kì í kú níbẹ̀. Ẹ máa ń jẹ́ kí n kọjá, kí n sọ pé ọkọ mi ló ń gúnyán fún mi, ibẹ̀ ló ń kú sí. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sọ fún Ọláolúwa pé bàbá mi fi àwàdà tuntun kún un nítorí ìgbéyàwó mi. Bó ṣe rí gan-an la ṣe kọ́ ọ. Ìdákẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ gùn ju ti gbogbo ìyókù lọ. Ọláolúwa, tí ẹ ní kó má kà á, kà á ní bòńkẹ́lẹ́: mọ́kànlélógún.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó pọ̀ jùlọ ní gbogbo ọjọ́ náà nìyẹn. Ọláolúwa ń wò mí, bí ẹ ṣe máa ń wo àwọn òpùrọ́ yẹn. Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ ẹ̀rín sílẹ̀, mo fẹ́ sọ pé ikùn mi nìkan ló ń fà sílé, torí iyán. Ẹ̀rín wọn lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Mo wá ní, "Irọ́ ni mo pa. Ó ń fà." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn, àwọn ìyá tó ti lo ogún ọdún níbí ń fi ìdí gèlè nu ojú. Ọláolúwa kò dìde. Ó tún ẹ̀rọ jí, jẹ́jẹ́, pùkù... pa... títí tí mo fi rí ohùn mi, a sì ṣe é dé òpin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń dì mọ́ mi, wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta fáwọn rí.

Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀? Nínú gbogbo ìwé tí mo kọ sí yín láti ọdún mẹ́rin, "àlàáfíà ni mo wà" ni mo ń kọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ rò nígbà tí ẹ fi í síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Fisáyọ̀mi Àníkẹ́


Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án, 1995

Àníkẹ́ mi, ìyàwó Ọláolúwa,

Ẹ kú oríire. Ilé yín á tura, ẹ ó bímọ, ẹ ó sì jọ dàgbà. Mo ka ìwé rẹ fún Ògúndèjì àti Ìyá Comfort, mo sì fo ibì kan nínú rẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ sọ ti ibẹ̀ fún.

Mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Kì í ṣe àwàdà. Bí mo ṣe ń lu ìlù lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ ni mò ń gbọ́ nínú orí mi, gbogbo obìnrin yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ìyàwó tuntun. Mo gbọ́ ọ bí o ṣe sọ ọ́, mo sì gbójú sókè láti wò ọ́, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ògiri ni mo rí, àti kàlẹ́ńdà. Ọwọ́ mi kò gbéra mọ́. Mo jókòó, omijé ń dà lójú mi láìsí ìró, mo gbàgbé pé kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ewúrẹ́ Ògúndèjì ló ké níta, mo bá nu ojú, mo tẹ̀síwájú láti ibi tí ọ̀rọ̀ iyán wà. Mo rò pé kò tó nǹkan, pé ẹ kò ní mọ̀. Ọkọ rẹ ní mọ́kànlélógún.

O bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé ilé ń fà ọ́. Mi ò mọ̀. O kọ "àlàáfíà", mo gbà á ní àlàáfíà. Ti ara mi nìkan ni mo mọ̀. Láti ọjọ́ tí o ti lọ ní ọdún 1991, gbogbo èèyàn ló ń bi mí bí mo ṣe ń ṣe é, èmi nìkan nínú ilé. Mo ní ó ti mọ́ mi lára. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Comfort, mo sọ ọ́ fún pásítọ̀, mo kọ ọ́ sí ìwọ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ má yọ ìdákẹ́ yẹn kúrò nínú eré. Bí eré náà ṣe rí nìyẹn báyìí. Bí àyè bá sì yọ, ẹ wálé, ẹ̀yin méjèèjì. A ó ṣe é nínú ọgbà wa níbí, kí gbogbo Òkèrèwè wá wò ó. Ọláolúwa ni kó jókòó sórí àga, mo ti fún un, kò nílò láti tọrọ rẹ̀ mọ́. Èmi náà á gbé abọ́ sórí, n ó tò sẹ́yìn àwọn obìnrin rẹ mẹ́rin. Bó bá kàn mí, n ó sọ fún un pé ó ti mọ́ mi lára kí ọmọ mi wà lókè òkun. Kí ó pa ẹ̀rọ náà, kí ó máa wò mí títí n ó fi jẹ́wọ́.

Bàbá rẹ,
Oyèbánjí Àtàndá